Ẹ̀kán Tó Dùbúlẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ tábìlì mi ní Adabraka, nílùú Accra, máa jẹ́rìí sí i pé ohun ẹlẹ́gbin kì í ti ibẹ̀ jáde. Bí agogo ọwọ́ rẹ bá kú, tí o gbé e wá bá mi, mo lè sọ fún ọ pé kò ṣeé jí mọ́, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ tí màá dá padà fún ọ á mọ́ ju bí o ṣe gbé e wá lọ. Pẹtiróòlù díẹ̀ nínú ìdérí ìgò, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ẹfun tí a fi ń dán gíláàsì, aṣọ funfun. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé oníbàárà kò mọ inú agogo, ojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀, nítorí náà kí ojú náà mọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ títí di ọjọ́ Ajé kan ní ọdún dumsɔ, ọdún tí iná ń lọ fún odidi ọjọ́ kan kó tó dé fún ìlàjì ọjọ́. Ọjọ́ yẹn ni ìmọ́tótó èmi Àmúdà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí.

Muslimat ni ọmọ náà. Òun ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn. Accra la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, á máa já lẹ́nu rẹ̀, á wá fi Twi tàbí Gẹ̀ẹ́sì so ibi tó bá já. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe ní yunifásítì. Àmínátù ìyá rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ọjà Madina, kò mọ ohun tó ń kọ́ gan-an, ó kàn máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà omi ni. Èmi nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà nínú ilé pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ègé òkúta kan ni, ó tinrin, ó ń dán bíi gíláàsì, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Wọ́n tẹ wáyà tó tinrin ju irun orí lọ sí etí rẹ̀, eyín wọ inú eyín bí ìyarun méjì tó kojú síra. Bí iná bá gba inú ìyarun náà kọjá, òkúta á máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò sì lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń sáré lórí òkúta bí ìgbì kéékèèké ṣe ń sáré lójú odò. Bí o bá kán omi sí ojú ọ̀nà ìgbì yẹn, á tì í, omi á sì máa rìn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, orí ìtẹ́jú ló sì wà. Ẹni tó ní fíríìjì àtijọ́ nílé á ti rí irú rẹ̀: ife tó o gbé sórí rẹ̀ láàárọ̀, á ti rìn dé etí kó o tó ti ọjà dé.

Ohun tí Muslimat ń fẹ́ ni kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan rìn lọ bá ẹ̀kán oògùn kan, kí gbígbọ̀n náà po wọ́n pọ̀, kí ojú sì rí i bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ṣù jọ tàbí kò ṣù jọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèyàn. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá tipẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kékeré ni tirẹ̀ ń lò, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló sì ń gbà lára aláìsàn. Abúlé tí iná kò dé lè lò ó. Lọ́dún yẹn, Accra pàápàá lè lò ó.

Kò ṣàjèjì sí mi. Nínú agogo oníbátìrì, òkúta kékeré kan wà níbẹ̀ tí iná ń gbọ̀n, iye ìgbà tó bá gbọ̀n ni agogo ń kà tó fi ń mọ àkókò. Nígbà tí mo sọ èyí fún Muslimat, ó ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín?" Mo ní ṣé ó rò pé eruku nìkan ni mo ń nù lára agogo láti ọjọ́ yìí ni.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí ni àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀kán bá rìn lójú wọn, wọ́n á jẹ́ kó máa bá a lọ títí tí yóò fi gba oyè dókítà. Bí kò bá rìn, ó parí síbẹ̀. Ègé òkúta márùn-ún ni wọ́n fún un, mẹ́rin sì ti fọ́. Ó ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Ajé ni wáyà kan já létí ẹyọ kan náà. Ọkùnrin tó máa ń bá wọn jó wáyà ní yunifásítì ti rìnrìn àjò. Ni Muslimat bá fi ègé náà sínú agolo pẹlẹbẹ tó tẹ́ òwú sí, ó wọ ọkọ̀ tròtrò, ó wá bá mi ní Adabraka. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wọ yunifásítì, kò gbé nǹkan kan wá fún mi mọ́ pé kí n bá òun tún un ṣe.

"Bàbá, wáyà yìí nìkan, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Ṣé ẹ lè rí i?"

"Kí lo fi mí pè?" Mo ti fún awò mi mọ́ ojú ọ̀tún. "Lọ kírun Àsárì rẹ. Kó o tó dé, mo ti ṣe é tán."

Mo ṣe é tán lóòótọ́. Mo yọ́ òjé tí kò tó orí abẹ́rẹ́, mo sì fi lẹ wáyà náà padà síbi tó ti já. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń tún fóònù ṣe ní Circle kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbé ègé náà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, mo yẹ̀ ẹ́ sósì, kí n lè gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú rẹ̀ kò mọ́. Ohun kan bí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, ó ń yọ àwọ̀ òṣùmàrè. Inú bí mi. Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Ṣé kò sí ẹni tó ní aṣọ ìnujú ní gbogbo yunifásítì yẹn ni? Mo ní kì í ṣe ọmọ Àmúdà ló máa gbé gíláàsì ẹlẹ́gbin síwájú àlejò. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ pẹtiróòlù, mo fọ̀ ọ́. Ọ̀rá náà kò tètè lọ, mo bá da ẹfun sí aṣọ funfun, mo rọra dán an, mo yẹra fún wáyà, títí tó fi ń kọ mànà bí ojú ọmọ tuntun.

Muslimat dé, ó fi awò mi wo wáyà náà, ó gbá mi mọ́ra lójú gbogbo aládùúgbò. "Ẹ ṣé paa, Bàbá!" Mi ò sọ fún un pé mo fọ̀ ọ́. Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹni tó wẹ̀ máa ń pariwo rẹ̀ kiri ni?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ti kírun Àsárì tán nílé wa ní Madina nígbà tí Muslimat dé. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ báàgì lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ gbé kẹ́ńkè àti ẹja díndín síwájú rẹ̀. Kò wò ó.

"Muslimat, jẹun," Àmínátù wí. "Ta ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣiṣẹ́, Mọ́mì." Ó kọjú sí mi. "Wáyà yẹn dára, Bàbá. Iná ń wọlé, òkúta ń gbọ̀n, mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kán yẹn ni ò rìn. Ó kàn... ó kàn dùbúlẹ̀."

"Ó dùbúlẹ̀ báwo?"

"Tẹ́lẹ̀, á dúró. Á rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo ṣe kán an báyìí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fẹ̀ gbogbo ibẹ̀. Ìgbì ò lè tì í tó bá rí bẹ́ẹ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo rò pé ìṣirò mi ni ò dáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìgbà tó rìn yẹn, luck ni. Ní Thursday, màá sọ fún wọn pé mo ṣìnà. Báǹkì tó ní kí n wá ṣiṣẹ́, màá lọ."

Ìyá rẹ̀ ń sọ fún un pé Ọlọ́run kò ní jẹ́. Àwọ̀ òṣùmàrè yẹn ló wá sí mi lójú, bó ṣe ń sá lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun mi. Mo mọ ohun tí mo ṣe kí n tó mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló mú mi dákẹ́, ìtìjú ni. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó ti tábìlì, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Bí agogo tí mo tún ṣe bá padà wá, mo máa ń sọ pé oníbàárà ló jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Àmínátù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, lójú tèmi, gbogbo omi Accra ló ti wọ agogo tán. Mo wá ń sọ fún ara mi pé kò tíì dá mi lójú. Bóyá pẹtiróòlù kọ́. Bóyá òkúta náà ló ti gbó. A kì í tún nǹkan ṣe lórí àbá, mo wí nínú ara mi, àfi ká dán an wò. Mo lọ sùn pẹ̀lú irọ́ yẹn, kò sì jẹ́ kí n gbádùn oorun.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo dé Adabraka kí àwọn tó kù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú gíláàsì agogo àtijọ́ kan, mo fi àbẹ́là pa á lójú, mo nù ún títí ó fi ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ àwọ̀. Mo kán omi sí i. Omi náà dúró roboto, ó ń yí kiri bí mo ṣe ń dagẹ̀rẹ̀ gíláàsì. Mo dà á nù. Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi ẹfun dán an, mo tún kán omi míì. Ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń bẹ omi náà lábẹ́lẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ dìde. Kò dìde.

Mo pa àpótí mi dé. Ìyá Gã tó ń ta aṣọ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra pè mí, ó pariwo pé, "Alata, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù! Ta ló kú?"

Mo ní kò sí ẹni tó kú, ìgbéraga kan ló ń ṣàìsàn.

Nínú tròtrò ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ní Circle, mo ti pinnu pé màá ní pẹtiróòlù ló ṣèèṣì ta sí i. Ní ibùdókọ̀ 37, mo ti yí i padà, mo ní aṣọ ló fara kàn án. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yẹn lórí àkàsọ̀ kò kúrò níwájú mi. Ó ti di ẹ̀bi tèmi ru, ó sì fẹ́ gbé e dé iwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí méètì ọkọ̀ fi máa pariwo ibi tí mo ti ń sọ̀, gbogbo irọ́ náà ti tán nínú mi.

Mo bá Muslimat nínú yàrá iṣẹ́ wọn, ó ń kó ìwé sínú páálí. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré dìde.

"Bàbá? Mọ́mì ń kọ́?"

"Ìyá rẹ wà dáadáa. Jókòó." Ó jókòó. Èmi ò jókòó. "Ègé òkúta yẹn. Lẹ́yìn tí mo jó wáyà tán, mo fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì tún fi ẹfun dán an. Mo rí ọ̀rá kan lójú rẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé Yorùbá mi kò yé e. Lẹ́yìn náà ló ta dìde.

"Petrol? Bàbá, adɛn? Adɛn nti? Kí ló dé?" Twi, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, gbogbo rẹ̀ ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìdọ̀tí kọ́ ni! Èmi ni mo fi sí i! Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀kán dúró! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́? Wáyà nìkan ni mo sọ! Wáyà nìkan!"

Ọmọ mi kò pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ mìíràn, màá ti bi í bóyá àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo dorí kodò, mo gbà á, nítorí ó tọ́ sí mi.

Ó wo àwọn ìwé tó ń kó sí páálí, ó wò mí.

"Ẹ dúró ná. Lánàá, nígbà tí mo kán an, ọ̀rá yẹn ò sí níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Kò kù rárá? Kékeré?"

"Muslimat, ohun tí mo bá fọ̀, ó mọ́."

Ó fìdí jálẹ̀ sórí àga. "Kì í ṣe èmi," ó wí. "Bàbá, kì í ṣe èmi. Ìṣirò mi dáa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti àná ni òun ti gbà pé ọdún mẹ́ta ni òun fi tan ara òun jẹ. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi lálẹ́ àná ì bá ti gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́ pẹ̀lú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀bi èèyàn lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹlòmíì.

Ó nu ojú, ó ní ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbáyọ. Oògùn tí òun fi ń pa òkúta lójú ti tán, òkè òkun ló ti ń wá, kò sì ní dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé.

"Kí ni iṣẹ́ oògùn náà?"

"Kí omi má lẹ̀ mọ́ ọn. Bí omi ṣe ń yí lórí ewé kontomire."

"Ewé kókò," mo wí. "Àbẹ́là ń kọ́? Mo fi pa gíláàsì láàárọ̀, omi dúró."

Ó wò mí bí ẹni tó ń rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ dán an wò? Ẹ̀yin?" Ó mi orí. "Àbẹ́là ti nípọn jù, Bàbá. Á pa ìgbì náà. Mo fẹ́ ohun tó tinrin gan-an."

Mo dúró, mò ń ronú. Tábìlì mi ni mo ń rò kiri, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ni mo bá rò kọjá tábìlì mi, mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Àrówólò tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai. Nígbà òjò, àwọn awakọ̀ tí wáípà wọn ti kú máa ń wá ra ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi pa gíláàsì iwájú ọkọ̀, òjò á sì máa ṣù roboto, á máa yí kúrò lójú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sì tinrin, nítorí awakọ̀ ń ríran gba inú rẹ̀.

Muslimat gbọ́ ọ, ó ti gbé agolo pẹlẹbẹ náà. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí.

Àrówólò jókòó sáàárín àwọn táyà bí ọba. Nígbà tí mo béèrè ìgò náà, ó ká ẹsẹ̀ sókè. "Àmúdà! O ra mọ́tò, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò ra mọ́tò."

"Kí lo wá fẹ́ fi pa? Orí pípá rẹ, kí òjò lè máa yọ̀ níbẹ̀?"

Muslimat bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tí kò ní ẹkún nínú, nítorí náà mo jẹ́ kí Àrówólò bú orí mi bó ṣe wù ú. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ẹ̀fẹ̀ tán lójú rẹ̀. Ó nu ìgò náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ náà, ó ní kó gbé e lọ, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.

Orí tábìlì mi ní Adabraka la ti dán an wò. Gíláàsì agogo àtijọ́ la kọ́kọ́ fi pa, ẹ̀kán omi sì dúró lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan òkúta. Mo na ọwọ́.

"Bàbá, ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn."

Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn nídìí tábìlì ara mi, bí ọmọ tí wọ́n mú níbi ìkòkò ọbẹ̀. Muslimat fúnra rẹ̀ ló pa á, ó rọra nù ún, ó dúró kó gbẹ. Àwọ̀ òṣùmàrè yẹn padà sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wò ó, kò sì rí bí ìdọ̀tí lójú mi mọ́. Ẹ̀kán dúró lórí òkúta náà, ṣùgbọ́n bóyá á rìn, ẹ̀rọ tó ń fún un níná wà ní yunifásítì, Ọjọ́bọ̀ la máa tó mọ̀.

Aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè wá jókòó lẹ́yìn, mo sì wọ agbádá funfun mi lọ. Àmínátù ní òun ò lè wá, àyà òun kò ní gbà á, òun á máa ṣe tẹ̀súbáà ní ọjà. Muslimat dúró níwájú nínú híjáàbù aláwọ̀ sánmọ̀. Mẹ́fà nínú ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi bándéèjì wé, nítorí láti aago mẹ́fà ló ti ń gún ara rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tó fi ń dán an wò. Mo gbìyànjú láti ka ojú rẹ̀ bóyá ó rìn tàbí kò rìn. Kò wo ibi tí mo wà.

Wọ́n fi kámẹ́rà gbé òkúta náà sára ògiri, ẹ̀kán tí kò tó orí ìṣó wá tóbi bíi bàrà. Muslimat tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà gbọ̀n díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí Alhaja tó ń lọ sí Jímọ̀, láìsí ẹni tó tì í, ó lọ títí ó fi kan ẹ̀kán oògùn, àwọn méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n ń yí po. Láìpẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà ṣù jọ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Mo sọ pé "Alihamudulilai" sókè, ọkùnrin tó wà níwájú mi sì bojú wẹ̀yìn.

Àwọn olùyẹ̀wò béèrè oríṣìíríṣìí, ó ń dá wọn lóhùn. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, ọmọ Gã, tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti wọlé. Òun ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní, "Bí o bá gbé e lọ sí abúlé, kí ló lè bà á jẹ́?"

Muslimat ní eruku, ooru, kí wáyà já.

"Ohun tó o rò nìyẹn. Kí ló ti bà á jẹ́ rí?"

Muslimat la ẹnu, ó pa á dé. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló jókòó lẹ́yìn, kò sì fẹ́ tú mi síta láàárín èrò. Ọmọ tí kò lè sọ Yorùbá kó má já, ibo ló ti kọ́ ìyẹn? Ìyá náà gbé bírò sórí ìwé, ó ń dúró. Muslimat wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ jẹ́ kí ìbéèrè náà kọjá, kó pàdánù rẹ̀ nítorí mi.

Ni mo bá dìde. Kò sí ẹni tó pè mí.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́," mo wí ní Gẹ̀ẹ́sì mi tó mọ níwọ̀n, "èmi ni bàbá rẹ̀. Agogo ni mò ń tún ṣe. Ó gbé e wá fún mi kí n jó wáyà, mo jó o, mo sì tún fọ̀ ọ́ tónítóní nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rá tí mo fọ̀ dànù yẹn ló ń mú kó ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì abúlé náà máa fọ̀ ọ́, nítorí nọ́ọ̀sì tó bá dára kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìfọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kí wọ́n má fi nǹkan kan dán ojú rẹ̀. Nílé wa a máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí i."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná lábẹ́ agbádá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì. Ìyá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé fífọ̀ náà ni?" ó bi mí.

Mo sọ ti gíláàsì agogo fún un, ti àbẹ́là, ti pẹtiróòlù, pé lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo Muslimat, ojú rẹ̀ wá rọ̀.

"Ìwé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí, mo ti mọ ohun tí màá kọ síbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà sì ti mọ̀," ó wí fún un. "Wàá máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n tún un ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí kì í ṣe ti máàkì. Èmi ni mo kàn fẹ́ wò ó."

Muslimat wo àwọn ìka rẹ̀ tó ti wé. Ó gbé ojú sókè, ó wá mi kàn láàárín èrò. Ó fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà níwájú gbogbo wọn.

"Bàbá mi nìyẹn," ó wí fún wọn. Ó wá yí padà sí Yorùbá, kò sì já rárá. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí. Ẹ wá fún mi lọ́wọ́ yín."

Mo lọ, mo jókòó. Ó mú ìka mi, ó ní ó máa ta mí díẹ̀, mo ní kó ta mí. Ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sórí òkúta, ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀jẹ̀ mi sì gbéra, ó ń rìn lọ.